Ọsàn Mẹ́ta Lójú Odò Elédé

Ìwé náà wà lórí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin kí omi tó kan ẹnu mi. Ìwé kékeré tí àwọn tíṣà máa ń kì bọ àpò ni, èèpo rẹ̀ pupa, omi ti bà á jẹ́ ní igun kan. Ẹni tó ni ín fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé: “Ètò ìwádìí odò Elédé. SS2. Ọjọ́bọ̀.” Lábẹ́ rẹ̀ ló to gbogbo ohun tí àwọn ọmọ máa mú dání sí: okùn, téèpù ìwọ̀n, aago, ọ̀pá oparun, bàtà rọ́bà, ọsàn.

Ọsàn kẹ̀? Ǹ bá bi ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ kò lè sọ̀rọ̀.

Simon Adéoyè ni orúkọ rẹ̀, tíṣà Jọ́gíráfì ní ilé-ìwé girama kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń mí, kò la ojú. Etí odò Elédé, lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ni wọ́n ti bá a, tí orí rẹ̀ ti fọ́ mọ́ òkúta, tí ìwé náà wà lápò rẹ̀. Ó ti lọ wo odò náà sílẹ̀ kó tó di pé ó kó àwọn ọmọ lọ. Dókítà sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò mọ ìgbà tí yóò jí. Kó tó pa fóònù, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

“Insípẹ́kítọ̀, ẹ̀yìn orí ni ọgbẹ́ wà. Àmọ́ àmì ìka wà lápá rẹ̀ ọ̀tún. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dì í mú gírígírí.”

Ọ̀gá mi ní àgọ́ ọlọ́pàá kò fẹ́ gbọ́ rárá. “Raliat, òkúta máa ń yọ̀ létí odò. Ọkùnrin náà yọ̀ ṣubú. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó o pa fáìlì yẹn dé.”

“Òkúta kì í di ènìyàn lápá mú, sà.”

Ó wò mí títí. “Ọjọ́rú. Tí Ọjọ́rú bá kọjá, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.”

Mo ti mú ìwé náà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Bí nǹkan bá ń jẹ mí lọ́kàn, ara mi kì í gba ìjókòó. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá ń ronú, ilẹ̀ ilé wa ló ń jìyà rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé náà nínú eruku ọyẹ́, mo ń ka nọ́ńbà bí mo ṣe ń lọ.

Ojú mẹ́ta ni Simon mú lára odò náà, kí àwọn ọmọ lè wọ̀n wọ́n, kí wọ́n sì fi wọ́n wé ara wọn. Bákan náà ni ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe fẹ̀, mítà mẹ́fà-mẹ́fà. Ojú kìíní, níbi àpáta, jìn ní ìdajì mítà. Ojú kejì jìn ní mítà kan. Ojú kẹta, ìdajì mítà. Ó wá kọ ọsàn sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ogún ìṣẹ́jú àáyá, ogójì, ọgọ́fà.

Nǹkan kan ń yún mi nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Mi ò mọ ohun tó jẹ́.

*

“Ẹ jókòó, Insípẹ́kítọ̀,” ni Ìyáàfin Fọláhànmí, ọ̀gá ilé-ìwé, wí.

“Ẹ ṣeun mà.” Mi ò jókòó. “Ṣé ìrìn àjò Ọjọ́bọ̀ yẹn ṣì ń lọ?”

“Ó ń lọ. A ti háyà bọ́ọ̀sì, àwọn òbí ti fọwọ́ síwèé. Iṣẹ́ odò yìí wà nínú ohun tí wọ́n máa bi àwọn ọmọ nínú ìdánwò wọn. Simon ti ṣe gbogbo ètò sílẹ̀, wọ́n kàn máa tẹ̀lé ohun tó kọ ni. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ti ní òun á kó wọn lọ.”

“Ọmọ mélòó?”

“Mẹ́tàlélógójì.”

“Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n lọ?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. “Igbákejì mi.”

Alùfáà Gàníyù, igbákejì ọ̀gá, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ń kọ́ wọn ní Yorùbá.

“Mo bá Simon jà lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́,” ló wí. “Mo ní kò gbọdọ̀ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sínú omi. Ó ní ènìyàn kì í kọ́ odò lórí pátákó. Mo ní tí ọmọ kan bá kú, ṣé orí pátákó la máa sin ín sí?”

“Níbo lẹ wà láàárọ̀ Àbámẹ́ta, sà?”

“Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò mi sọmọ lórúkọ.”

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí odò náà kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Mo wò ó. Ó mọ ohun tí mò ń rò.

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀,” ló wí. “Ẹ kọ ọ́ pé Gàníyù bínú. Inú ṣì ń bí mi di ìsinsìnyí.”

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, tíṣà eré ìdárayá, ni mo bá lórí pápá. Ó ga, ohùn rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ọ̀rẹ́ ìgbà pípẹ́ ni òun àti Simon.

“Ọmọ Abà Elédé ni mí, Insípẹ́kítọ̀. Bàbá mi ni baálẹ̀ ibẹ̀. Èmi ni mo sọ fún Simon pé odò wa dára fún iṣẹ́ yìí.” Ó wolẹ̀. “Ó dà bíi pé èmi ni mo tì í sódò.”

“Ẹ ò bá a lọ ní Àbámẹ́ta?”

“Rárá o. Ọjà Akẹ̀sán ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo lọ ra okùn tí àwọn ọmọ máa dì mú.” Ó gbé okùn náà hàn mí, tuntun, àwọ̀ ewé. “Ìníolúwa ọmọ mi wà nínú kíláàsì yẹn. Mi ò ní fi wọ́n lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni máa kó wọn lọ.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo dúpẹ́, mo sì yípadà.

Ní ẹnu géètì ni Míìsì Zulaikha sáré bá mi, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn ní Kẹ́mísìrì, tó máa ń ran Simon lọ́wọ́. Òun ló yanjú ọ̀rọ̀ ọsàn fún mi.

“Ẹ ó wọn mítà mẹ́wàá létí odò mà, ẹ ó wá ju ọsàn sómi lókè. Ẹ ó ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ bí omi ṣe ń sáré tó.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ọsàn?”

“Kì í rì, bẹ́ẹ̀ ni kì í léfòó jù. Atẹ́gùn ò lè tì í.”

Ogún, ogójì, ọgọ́fà. Níbi àpáta, ọsàn sáré. Ní ojú kẹta, ọsàn rìn bí aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Àmọ́ ìdajì mítà kan náà ni Simon kọ fún ibi méjèèjì. Èékánná mi ti wà lẹ́nu kí n tó dé àgọ́.

*

Kọ́púrù Basit ti mú ọkùnrin kan dúró dè mí. Saifudeen ni orúkọ rẹ̀, ọlọ́kadà. Fóònù Simon ni wọ́n bá lápò rẹ̀.

“Fóònù ta nìyí?”

“Ti tíṣà ni mà.”

“Báwo ló ṣe dọ́wọ́ ẹ?”

“Èmi ni mo gbé e lọ sódò ní aago mẹ́jọ. Ó ní kí n padà wá gbé òun ní méjìlá. Ìgbà tí mo dé, ó wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo ibẹ̀. Mo mú fóònù rẹ̀ kí n lè pe ènìyàn rẹ̀, kò ṣí fún mi. Mo gbé e sórí ọ̀kadà, obìnrin kan tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi so ó mọ́ mi lẹ́yìn. Mo gbé e dé ọsibítù.”

“O wá sá lọ.”

“Mà, èmi tí mo gbé ẹni tí orí rẹ̀ fọ́ wá, ṣé ọlọ́pàá á ní kí n máa lọ lálàáfíà ni?”

Basit fẹ́ gbá a létí. Mo dá a dúró. Òótọ́ ọ̀rọ̀ máa ń dun ọlọ́pàá, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di irọ́. Lórí fóònù, mo bi ọsibítù. Nọ́ọ̀sì sọ pé lóòótọ́, ọlọ́kadà kan gbé e wá, ìró aláwọ̀ búlúù ló fi so ó mọ́ra, ó sì sunkún. Ẹni tó fọ́ ènìyàn lórí kì í gbé e lẹ́yìn sáré lọ sí ọsibítù.

“Obìnrin wo ló tú ìró rẹ̀ fún ẹ?”

“Èyí tó máa ń jókòó létí odò yẹn ni. Ìyá Títí ni wọ́n ń pè é.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Alùfáà Gàníyù náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Basit pe àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi: ọkùnrin náà rèé láàárín àwọn ará ilé, ọmọ tuntun ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, aago ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí mọ́kànlá ku díẹ̀. Nínú fọ́tò mẹ́sàn-án tí wọ́n yà láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n jẹun tán, kò sí èyí tí kò sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ti lọ. Mi ò ní ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí Akẹ̀sán. Kì í ṣe pé mo fura sí Kọ́láwọlé; ẹsẹ̀ mi ni kò gbà kí n jókòó. Ràmọ́tà ni orúkọ ìyá tó ń ta okùn lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn alápẹ.

“Ẹ kú ọjà, mà. Ṣé tíṣà gíga kan ra okùn lọ́wọ́ yín ní Àbámẹ́ta?”

“Ó rà á. Aláwọ̀ ewé.”

“Láàárọ̀?”

“Àárọ̀ kẹ̀? Lẹ́yìn Àílà ọ̀sán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, mò ń ká ẹní mi lọ́wọ́.”

“Ó dá yín lójú?”

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. “Èwo ni kí n gbàgbé, ìrun mi ni àbí ẹní mi? Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tutù títí dé itan. Mo bi í bóyá òjò rọ̀ níbi tó ti ń bọ̀. Ó ní òun fọ mọ́tò ni.”

Kọ́láwọlé kò wà ní ọjà láàárọ̀. Ó parọ́ fún mi. Àmọ́ irọ́ nìkan kò tó láti de ènìyàn mọ́lẹ̀. Kí ló lè mú kí ọ̀rẹ́ fọ́ ọ̀rẹ́ lórí lẹ́bàá odò?

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ọmọbìnrin kan níwájú mi da omi tó fi ṣan abọ́ sínú gọ́tà. Ewé kan bọ́ sínú omi náà, ó ń sáré lọ. Nígbà tó dé ibì kan, ó dẹwọ́. Ó ń yí po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ló tún jáde, tó tún sáré. Mo sún mọ́ ọn láti wò ó dáadáa.

“Ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn o!” ni Ràmọ́tà pariwo. “Kò hàn lójú, àmọ́ ó jìn! Ẹsẹ̀ màlúù ló kán níbẹ̀ lóṣù tó kọjá.”

Mo dúró gbagidi.

Mo yọ ìwé Simon. Omi tó wọlé náà ló ń jáde, kò sí ibi tó lè fara pamọ́ sí lójú ọ̀nà. Bí ojú odò bá fẹ̀ bákan náà, ibi tí kò bá jìn ni omi ti máa ń sáré, ibi tó bá jìn ni yóò ti rọra. Ní ojú kìíní, ìdajì mítà, ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ní ojú kejì, ó jìn ní ìlọ́po méjì, ọsàn sì pẹ́ ní ìlọ́po méjì, ogójì. Ó bára mu. Ní ojú kẹta, ọsàn pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́fà. Nígbà náà, kò lè jẹ́ ìdajì mítà. Ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ ni: mítà mẹ́ta.

Mítà mẹ́ta! Bí ènìyàn kan bá gun ènìyàn míì léjìká, díẹ̀ ni yóò kù kó yọ orí.

Mo gbé ewé náà sókè síhà oòrùn. Gbogbo ibi tó kù nípọn bó ṣe yẹ, àmọ́ lábẹ́ “ìdajì mítà” ti ojú kẹta, ìwé ti fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó pa á rẹ́ kò mọ Jọ́gíráfì: ó tún jíjìn odò kọ, ó gbàgbé ọsàn.

Lọ́túnla, ọmọ mẹ́tàlélógójì máa wọ inú rẹ̀, torí ìwé sọ pé kò kọjá orúnkún.

*

Aago méjì ọ̀sán la dé Abà Elédé, èmi, Basit, àti Saifudeen tó fọ̀nà hàn wá. Ojú kẹta náà lẹ́wà. Omi rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, òjìji ewé igi hàn lójú rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ọmọdé, ibẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ bọ́ sí.

Basit gé oparun gígùn kan. Ó tì í bọ omi, ó ń tì í, ó ń tì í, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sómi kó tó kan ìsàlẹ̀. A fà á jáde, a fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mítà mẹ́ta lé díẹ̀. Lẹ́yìn igbó tó wà létí odò, mo rí ipa táyà ọkọ̀ ńlá, koríko ti ń hù bò ó. Wọ́n ti wa yanrìn níbẹ̀, wọ́n wà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

“Ẹ jáde níbẹ̀!”

Obìnrin kan ló ń bọ̀ láàárín igbó, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ dúdú ló wọ̀. Mo yí oparun náà sínú koríko kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

“Ẹ kú ọ̀sán mà. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Títí?”

“Rúùtù ni orúkọ mi.” Ó wo Saifudeen, ó mọ̀ ọ́n. “Tíṣà yẹn ńkọ́? Ṣé kò kú?”

“Kò kú mà.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí kì í bá ṣe pé à ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni, ǹ bá ti wà níbí láti àárọ̀, kó tó ṣubú. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wá.”

Mi ò bi í léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Títílọlá ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, ń ti ilé-ìwé bọ̀, ó fẹ́ sọdá níbi tó ti ń sọdá láti ìgbà tó ti wà ní kíláàsì kìíní. Omi ibẹ̀ kò kọjá orúnkún rẹ̀ rí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀.

“Baálẹ̀ pe gbogbo abà jọ. Ó ní eré ni ọmọ mi ń ṣe nínú omi. Ó ní ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá, àwọn ìyá ọlọ́mọ á fa ọmọ wọn mọ́ra. Wọn á ní, ‘Ẹ má lágídí bíi Títílọlá.’”

“Ṣé ẹ wà nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó ṣẹlẹ̀?”

“Mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi tó ń ṣàìsàn. Oṣù méjì gbáko. Wọ́n ní ọkọ̀ wá kó yanrìn nígbà yẹn, níhà ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, ọ̀nà jíjìn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi bi mí?”

Bí mo bá sọ ọ́ nígbà yẹn, kí oòrùn tó wọ̀ baálẹ̀ á ti gbọ́, Kọ́láwọlé á ti gbọ́, ìwé àti okùn nìkan ló sì máa kù lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé mo máa padà wá. Bí mo ṣe ń lọ, mo mọ̀ pé ó ń wò mí lẹ́yìn.

*

Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ní kí Ìyáàfin Fọláhànmí pe àwọn mẹ́ta náà sí ọ́fíìsì rẹ̀: Alùfáà Gàníyù, Kọ́láwọlé, àti Míìsì Zulaikha. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Lóde, àwọn SS2 ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi okùn aláwọ̀ ewé yẹn to ara wọn, wọ́n ń ka nọ́ńbà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ìrìn àjò ọ̀la ń lọ,” mo wí. “Àmọ́ Alùfáà àti Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé máa wà lọ́dọ̀ mi ní àgọ́ láti àárọ̀, torí mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu yín. Míìsì Zulaikha ló máa kó àwọn ọmọ lọ.”

Kọ́láwọlé gbé orí sókè. “Èmi ni mo mọ odò yẹn.”

“Mo máa dá ìwé Simon padà fún wọn. Ojú kẹta ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Omi ibẹ̀ dákẹ́, kò kọjá orúnkún. Gbogbo wọn máa wọ̀ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.” Mo wò wọ́n yíká. “Ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ kí Míìsì Zulaikha ṣọ́ra fún?”

Alùfáà Gàníyù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ojú kìíní. Níbi àpáta tí omi ti ń sáré. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.”

Zulaikha náà ní ojú kìíní ni.

Mo dúró de Kọ́láwọlé. Òógùn ti yọ lórí imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́.

“Kí wọ́n fi ojú kẹta sílẹ̀,” ló wí.

“Kí ló dé?”

“Ó… ó jìnnà. Àkókò ò ní tó.”

“Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Àkókò á tó.”

“Ejò wà níbẹ̀.”

“Simon ò kọ ejò.”

Lóde, ohùn ọmọbìnrin kan lé sókè ju ti àwọn yòókù lọ: “Èmi ni mo máa wà níwájú! Odò bàbá mi àgbà ni!”

Ìníolúwa ni. Kọ́láwọlé di etí tábìlì mú.

“Ó jìn,” ló wí.

“Ìdajì mítà ni wọ́n kọ.”

“Ó jìn! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi wọ̀ ọ́!” Ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. “Èmi ni mo kọ ìdajì mítà.”

Ìyáàfin Fọláhànmí sọ orúkọ Ọlọ́run.

Ó wá sọ ọ́ fún wa. Ojú méjì ló fi han Simon tẹ́lẹ̀. Simon fúnra rẹ̀ ló rí ẹ̀kẹta. Nígbà tí Kọ́láwọlé gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá a létí odò. Ó bá a tó ń ti oparun bọ omi, tí kò kan ìsàlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó fi ojú yẹn sílẹ̀. Simon bi í léèrè títí ó fi sọ òótọ́: bàbá òun ló gba àwọn oníyanrìn láyè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tó ti búra fún abà pé wọn ò ní wà á níbi tí àwọn ọmọ ti ń sọdá. Nígbà tí ọmọ Rúùtù kú, baálẹ̀ mọ ohun tó pa á. Kọ́láwọlé náà mọ̀ ọ́n.

“Simon ní òun máa lọ sọ fún ìyá ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú mi: ‘Ó ju mítà méjì lọ. Kòtò yanrìn.’ Mo dì í lápá mú kí n gba ìwé náà. Ó fà, mo fà. Mo tú u sílẹ̀ lójijì…” Ó fi ọwọ́ bojú. “Mo rò pé ó ti kú. Mo pa ohun tó kọ rẹ́, mo sì dá ìwé náà padà sápò rẹ̀. Mo ní èmi ni máa kó àwọn ọmọ lọ, mi ò ní mú wọn débẹ̀.”

“Ẹ fi ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀,” ni Alùfáà Gàníyù wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an.

“Bàbá mi ni mò ń dáàbò bò.”

“Ọmọ ọdún méjìlá ńkọ́? Ta ló dáàbò bò ó?” mo bi í.

Nígbà tí Basit ń mú un kọjá lórí pápá, àwọn ọmọ dẹ́kun kíka nọ́ńbà. Ìníolúwa ju okùn sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ dé géètì. Zulaikha ló lọ dì í mọ́ra. Mo ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí, èyí kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Ìrìn àjò Ọjọ́bọ̀ kò wáyé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Simon la ojú. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, “Ṣé àwọn ọmọ ti lọ?” Nígbà tí wọ́n ní wọn ò lọ, ó tún sùn.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, mo padà sí Abà Elédé. Rúùtù jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, èmi tí kì í jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fo nǹkan kan: ọkọ̀ yanrìn, kòtò, baálẹ̀, ọmọ rẹ̀, ìwé.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

“Kò ṣeré nínú omi?”

“Rárá mà. Ó ń bọ̀ nílé ni. Ó tẹ ibi tó ti ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Kò lágídí?”

“Kò lágídí.”

Mo rò pé yóò sunkún. Mo ti yọ áńkáṣíìfù mi. Àmọ́ ó gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fún un mọ́rí dáadáa.

“Àwọn ọlọ́pàá yín ṣì wà lójúde baálẹ̀?”

“Wọ́n wà níbẹ̀ mà. Wọ́n fẹ́ mú un lọ.”

“Kí wọ́n dúró díẹ̀.” Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde. “Ojúde yẹn ló ti pe gbogbo abà jọ lọ́jọ́sí. Mo máa lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún pé jọ. Ẹ wá, Insípẹ́kítọ̀. Ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Ẹ sọ ọ́ sókè.”